Ohun Tí Mẹkáníìkì Bi Mí ní Àgírìkì

Ọkọ̀ mi ló daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan ní Àgírìkì, níbí ní Ìkòròdú, tí mo fi bá ara mi lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi fúrúùtù kan ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ kì í ṣe àlejò sí mi, ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí mo ti ń gbé mọ́tò lọ bá a. Lọ́jọ́ yìí, kò fọwọ́ kan irin rárá. Ó jókòó tì mí, ó ń wo ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ mi, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni mo ń rí. Bí ọmọ náà bá ní kí wọ́n na sípánà sí òun, ọ̀gá á bi í pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, sípánà ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ṣe é, ó tún un ṣe. Mo ní òde ní Ìgbógbó ní aago méjì, ara mi ti ń gbóná.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sábẹ́ ọkọ̀ yìí fúnra yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Prọ̀f, bí mo bá bọ́ sábẹ́ ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mi ò bá sí nílé, ta ló máa tún un ṣe fún yín?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ti kọ́ níṣẹ́ fún mi. Mẹ́tàlélógún ló ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún. Ọ̀kan wà ní Odogúnyàn tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti tóbi ju ti ọ̀gá alára lọ, ọ̀kan wà ní Ṣágámù, ọ̀kan wà ní Kùtọ́nù. Ó mọ èyí tó yára, ó mọ èyí tó pẹ́ kó tó mọ gíá tú. Ó wá yíjú sí mi: "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Prọ̀f? Ẹni mélòó lẹ ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún?"

Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni "mọ́kànlélógójì." Kì í ṣe ènìyàn o. Iye àpilẹ̀kọ tí mo ti tẹ̀ jáde nínú jọ́nà ni. Mo gbé e mì, mo ní, "Wọ́n pọ̀." Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òun ní orúkọ mẹ́tàlélógún lórí ahọ́n. Tí wọ́n bá ní kí n ka tèmi, n kò ní ju márùn-ún lọ.

Ọdún 1997 ni mo wọṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, torí wọ́n ṣì ń san owó oṣù mi. Kì í ṣe ní Ìkòròdú yìí ló wà. Ilé mi nìkan ló wà níbí. Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́. Ọjọ́ tí mo dé, olórí ẹ̀ka fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, páálí ṣọ́ọ̀kì méjì, àti nóòtì ọkùnrin kan tó ti lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà ti pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó ní, "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìwọ lo ni CHM 101," ìyẹn kọ́ọ̀sì kẹ́mísìrì àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́. Ó parí. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo ti dúró níwájú kíláàsì rí. N kò sì bínú sí ọkùnrin náà, bí wọ́n ṣe ṣe é fún òun náà nìyẹn.

Mo dé iwájú àwọn ọmọ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, mo ṣí nóòtì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, wọ́n ń kọ ọ́. Mo máa ń pe kọ́mà àti fúlú-sítọ́ọ̀pù fún wọn bíi díkitéṣọ̀n. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ mi, àwọn tó wà lójú fèrèsé ń kọ ti ẹni tó wà níwájú wọn. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, ó ju ìdajì lọ tó fìdí rẹmi. Inú mi dùn. Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mò ń sọ. Ní sítáàfù-rúùmù wa nígbà náà, a máa ń pe iye àwọn tó féèlì bí ọdẹ ṣe ń ka ẹran tó pa nínú ìgbẹ́. Ẹni tí gbogbo ọmọ bá yege lọ́dọ̀ rẹ̀, a máa ń fura sí i.

Ìyàwó aládùúgbò mi kan ń kọ́ àwọn ọmọ pírámárì kejì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Noforija ní Ẹ̀pẹ́ ló ti gba NCE rẹ̀, kí ìjọba Èkó tó dà á pọ̀ mọ́ ti Ìjànikin ní 2022 tí wọ́n sọ wọ́n di Yunifásítì Ẹ̀kọ́. NCE yìí ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó máa kọ́ ọmọ pírámárì. Obìnrin yìí sọ fún mi bí wọ́n ṣe rán òun lọ ṣe TP, ìyẹn fífi ìkọ́ni dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń bójú tó o kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó dé. Ó máa wọlé, á jókòó sórí àga kékeré láàárín àwọn ọmọ, á ní kó mú lẹ́sìn nóòtì wá. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún un pé, "Ìdajì àkókò ni o fi kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ." Ó ní òun sunkún títí òun fi délé.

Èmi tí mo ní PhD, kò sẹ́ni tó mú mi sunkún. Ẹni tó máa kọ́ ọmọ ọdún méje ní ABD gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ẹni tó máa kọ́ dókítà àti ẹnjiníà ọ̀la, ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bi í. Ó pẹ́ gan-an kí ọ̀rọ̀ yìí tó yà mí lẹ́nu, torí bí gbogbo wa ṣe wọlé nìyẹn.

Ẹni tó là mí lójú ni obìnrin kan tí a jọ wà ní ẹ̀ka kan náà. Màdáámù ni gbogbo ayé ń pè é. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ó sì ti kọ́ni ní sẹ́kọ́ńdírì fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá sí yunifásítì. Ìkòròdú lòun náà ń gbé, lọ́nà Ìgbógbó, nítorí náà a jọ máa ń wọ mọ́tò mi. Aago márùn-ún àárọ̀ la ti máa ń jáde kí gosló Máìlì 12 má bàa ká wa mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó gbé àpò ọjà kan sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní òun ra ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Sábó. Mo rò pé oúnjẹ ni. Ó ní, "Àbúrò, kíláàsì ni mo fẹ́ fi ṣe. Bí o bá ráyè, wá wò ó."

Mo ráyè, mo lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ móòlù ni, èyí tó máa ń pa ọmọ jù ní CHM 101. Èmi, bí mo ṣe máa ń kọ́ ọ ni pé màá kọ 6.02 × 10²³ sójú bọ́ọ̀dù, màá ní ìyẹn ni iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú gíráàmù 12 kábọ́ọ̀nù, màá sì máa bá ìṣirò lọ. Màdáámù gbé agolo dérìká méjì sórí tábìlì, ìrẹsì kún ọ̀kan, ẹ̀wà olóyin kún èkejì.

Ó ní, "Èwo ni hóró rẹ̀ pọ̀ jù?"

Wọ́n pariwo pé ìrẹsì ni.

"Ẹ kà á ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìyá oníràìsì ní Sábó, ṣé ó máa ń ka hóró fún yín? Kí ló máa ń ṣe?" Wọ́n ní ó máa ń wọ̀n ọ́n ni. "Ó dáa. Tí mo bá fẹ́ kí hóró ìrẹsì àti hóró ẹ̀wà jẹ́ iye kan náà gẹ́lẹ́, ṣé ìwọ̀n wọn á dọ́gba?"

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Mo retí pé á dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò dáhùn. Ó kàn dúró, ó ń wò wọ́n. Òógùn bo èmi tí wọn ò bi ní nǹkan. Ọmọkùnrin kan lójú fèrèsé ló wá sọ ọ́ ní Yorùbá pé, "Rárá mà. Ẹ̀wà máa wúwo jù, torí hóró ẹ̀wà kan tóbi ju hóró ìrẹsì kan lọ."

"Tún un wí kí gbogbo wọn gbọ́." Ó tún un wí. Ó wá ní kí kálukú ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í, pàápàá ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ní èdè tó bá yé àwọn méjèèjì. Ariwo gba gbọ̀ngàn kan. Ìgbà tí ariwo rọ̀ ló tó wá kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù ní Gẹ̀ẹ́sì pé kábọ́ọ̀nù gíráàmù 12 àti irin gíráàmù 56, iye átọ́ọ̀mù kan náà ló wà nínú wọn. Mo rí i bí orí ṣe ń mì láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Kò tíì tán. Ó mú píọ̀ wọ́tà kan jáde, tí wọ́n kọ 50cl sí lára. Móòlù kan omi jẹ́ gíráàmù 18. Mélòó ló wà nínú ọ̀rá yìí? Wọ́n ṣírò rẹ̀: ó sún mọ́ 28. Ó fi eyín ya igun ọ̀rá náà, ó fà á mu lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Mo ti gbé móòlù kan mì báyìí, ó lé díẹ̀." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Lọ́dún yẹn, ìbéèrè móòlù ni wọ́n ṣe dáadáa jù lọ nínú ìdánwò.

Àwọn kan nínú wa ń bú u nítorí Yorùbá tó ń sọ nínú kíláàsì. Wọ́n ní yunifásítì kì í ṣe ọjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Ifẹ̀ láti 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì fún odidi ọdún mẹ́fà, pé ọmọ tó kọ́kọ́ fi èdè rẹ̀ ronú kì í kẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì alára. Pírámárì nìyẹn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dé yunifásítì kò bọ́ orí rẹ̀ sílé.

Ọdún mọ́kànlá ni Màdáámù fi wà ní Lẹ́kítúrà Kìn-ín-ní, ipò tó wà lábẹ́ Síníọ̀ Lẹ́kítúrà. Ó ní PhD. Ohun tí kò ní ni àkókò. Kọ́ọ̀sì mẹ́rin ló ń kọ́, CHM 101 wà nínú wọn, kíláàsì yẹn sì ti di ẹgbẹ̀ta ọmọ nígbà náà. Òun nìkan ló ń fi ọwọ́ máàkì gbogbo ìwé wọn lóru, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. (Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú mọ̀ pé sísún mọ́ ẹ̀rọ mànàmáná Ẹ̀gbin, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,320 mẹ́gáwáàtì, kò ní kí iná má lọ.) Nígbà tí orúkọ rẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga, mo ti di Síníọ̀ Lẹ́kítúrà, mo wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí fọ́ọ̀mù wa ṣe rí. Ojú ìwé lórí ojú ìwé wà fún àpilẹ̀kọ: orúkọ jọ́nà, ṣé ti ilé ni tàbí ti òkè òkun, orúkọ ta ló ṣáájú. Ní ti ìkọ́ni, ìlà mélòó kan ni, tí wọ́n ní kí o kọ àwọn kọ́ọ̀sì tí ò ń kọ́ sí. Ẹni tó ń kọ́ ọ tọkàntara àti ẹni tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ bá a kọ́ ọ, máàkì kan náà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Tí ipò bá sì ti ga dé ti Rídà àti Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n máa ń kó àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì mìíràn kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. N kò tíì gbọ́ rí pé wọ́n ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni pé kó wá yẹ kíláàsì ènìyàn wò.

Ẹnì kan sọ níbi ìpàdé pé, "Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n kọ́ o, ṣùgbọ́n..." Orí ṣùgbọ́n yẹn ni fáìlì rẹ̀ sùn sí. Mo mọ ohun tí mo rí níbi ìrẹsì àti ẹ̀wà. Mo ní àpilẹ̀kọ méjì nínú tèmi tí mo sanwó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí èmi gan-an ò ní kà tí wọ́n bá gbé e fún mi. N kò la ẹnu mi. Fáìlì tèmi ń bọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ tó jù wá lọ, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí ẹni tó ń bá wọn jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì nínú ọkọ̀, ohun kan ṣoṣo ló sọ. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n ní kí n lọ kọ̀wé sí i. Ta ni kí n fi CHM 101 sílẹ̀ fún?" Gosló ti mú wa ní Máìlì 12. Ó ra ẹ̀pà lójú fèrèsé, ó bù fún mi nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu mi.

Bóyá ìtìjú yẹn ló mú mi bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jókòó sí kíláàsì tèmi náà. Ó wá. Ó mú bírò àti ìwé kékeré dání. Lẹ́yìn kíláàsì mo ń retí ẹ̀kọ́ ńlá, ó fi ìwé náà hàn mí, ìlà kan péré ló wà níbẹ̀: "Ìbéèrè mẹ́rìndínlógún lo bi wọ́n. Ìwọ fúnra rẹ lo dáhùn mẹ́rìnlá." Mo ní, "Wọn ò dáhùn ni, mà." Ó ní, "O ò dúró dè wọ́n ni."

Mo kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, Mary Budd Rowe, onímọ̀ nípa ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì, ti wọn àkókò tí olùkọ́ máa ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè: kì í sábà ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Bí wọ́n bá lè ní sùúrù fún bíi mẹ́ta péré, ìdáhùn àwọn ọmọ á gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà á là ẹnu. Ẹ máa rò pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kò tó nǹkan. Ẹ dúró níwájú ojú ẹgbẹ̀ta ènìyàn kí ẹ dákẹ́ wò. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó lè ṣe é láì fọwọ́ kan ìgbátí mi.

Ohun tí Màdáámù ń ṣe náà kì í ṣe àrà tirẹ̀ nìkan. Ní 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ lórí ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì. Ní kíláàsì tó jẹ́ pé olùkọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ewu kí akẹ́kọ̀ọ́ féèlì jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀ ti kíláàsì tí wọ́n ti ń mú wọn ronú tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2001, fi ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ṣe àtúnṣe ìkọ́ni ní Colorado àti ní British Columbia ní Kánádà. Ẹ̀ka ni wọ́n fún lówó, wọ́n sì gba àwọn onímọ̀ tó jókòó sínú ẹ̀ka gan-an, tí wọ́n ń bá olùkọ́ tún kọ́ọ̀sì rẹ̀ to. Wọn ò kàn pe gbogbo ènìyàn sí gbọ̀ngàn kan, kí wọ́n gbọ́ àsọyé, kí wọ́n jẹ mítípáì, kí wọ́n gba sàtífíkéètì, bí tiwa.

Nígbà tí ó kàn mí láti jẹ olórí ẹ̀ka, mo ní mo máa gbìyànjú. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé olùkọ́ tuntun kò ní gba CHM 101 lọ́jọ́ tó dé. Á kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì ẹlòmíràn fún sẹ̀mẹ́sítà kan, kí ó máa bá a gba díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Èkejì ló dá ìjà sílẹ̀. Mo ní kí a máa bẹ ara wa wò nínú kíláàsì, ẹni méjì méjì, lẹ́ẹ̀mejì ní sẹ̀mẹ́sítà. "Ṣé ẹ fẹ́ máa ṣọ́ wa ni?" Bàbá kan sọ fún mi gbangba pé òun kì í ṣe ọmọ TP. Ohun tó rọ ọ̀rọ̀ náà ni pé a fẹnu kò pé ohun tí àlejò bá kọ, ti onílé ni. Kò ní dé fáìlì ẹnikẹ́ni àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá mú un wá. Bàbá yẹn kò gbà títí tó fi fẹ̀yìntì. Àwọn yòókù gbà, àwọn kan torí pé ó wù wọ́n, àwọn kan torí kí n lè fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀.

Ní ti kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dá olùkọ́ lẹ́jọ́, mo ní ìbẹ̀rù tèmi. Lọ́dún kan ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún mi ní àmì ẹ̀yẹ "Olùkọ́ Tó Dára Jù Lọ" níbi dínà wọn. Ó ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n mi nílé. Ọdún yẹn náà ni mo dáwó jù fún dínà. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ ní ìparí sẹ̀mẹ́sítà: ẹni tó ń fún wọn ní máàkì ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń yìn, ẹni tó bá sì kọ ohun tó ní láárí kò ní rí èrè rẹ̀, torí ó ti kúrò ní kíláàsì náà. Àpò ìrẹsì méjì tó kún fún fọ́ọ̀mù yẹn ni mo bá ní ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka. Eku ti ka púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni ìdajì bébà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Kò sí orúkọ. Ìbéèrè méjì: Kí ló yé ọ? Kí ni kò yé ọ? Olùkọ́ ló ń gbà á, òun ló ń kà á, òun ló ń dá wọn lóhùn ní kíláàsì tó tẹ̀lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi ṣe é, mo bá ọ̀kan tó kọ ọ́ pé, "Sà, ẹ máa ń nu bọ́ọ̀dù kí a tó kọ ọ́ tán." Ogún ọdún ni mo ti ń nu bọ́ọ̀dù yẹn.

Mo gbé fọ́ọ̀mù ìgbéga lọ sí Fákọ́tì. Ohun tí a béèrè kò pọ̀: kí ẹni tó bá fẹ́ ìgbéga fi ojú ìwé mẹ́ta kún un, kí ó fi hàn níbẹ̀ ẹ̀kọ́ kan tó yí padà àti ìdí tó fi yí i padà, ìbéèrè tó ń bi wọ́n nínú ìdánwò, bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe sí látọdún dé ọdún, àti lẹ́tà ẹni tó wá jókòó sí kíláàsì rẹ̀. Kí wọ́n sì fún un ní máàkì tó lè gbéni wọlé tàbí tó lè dáni padà. Fákọ́tì gbà á gẹ́gẹ́ bí àfikún. Ìgbìmọ̀ òkè kò tíì gbà á. Àfikún tí kò ní máàkì, àwọn olùkọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la ni wọ́n máa ń kọ ọ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìwà nìkan ló kù. TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lówó, ti gbé mi lọ sí àpérò ní òkè òkun, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, hòtẹ́ẹ̀lì, gbogbo ẹ̀, kí n lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo dúpẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, Màdáámù tọrọ máíkì fún gbọ̀ngàn CHM 101, wọ́n ní kò sí owó lábẹ́ orí ìnáwó yẹn. Àwa la dáwó ra mẹ́gáfóònù, irú èyí tí àwọn oníwàásù fi ń pariwo ní ibùdókọ̀. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 tó gba oṣù mẹ́jọ, láti February sí October, a kó iṣẹ́ sẹ̀mẹ́sítà kan sínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń ki ẹrù sínú búùtù. Kò sí ọgbọ́n ìkọ́ni tó lè gba irú ìyẹn. Nígbà tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, sì gbé kòríkúlọ́ọ̀mù tuntun jáde, tó ní 70% ti wá láti ọ̀dọ̀ òun, kí yunifásítì fi 30% tirẹ̀ kún un, ìpàdé lórí ìpàdé la ṣe lórí orúkọ kọ́ọ̀sì tí a máa fi sínú 30% yẹn. N kò rántí ọ̀kan tí a ti sọ bí a ṣe máa kọ́ wọn.

Màdáámù di Síníọ̀ Lẹ́kítúrà nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ó fẹ̀yìntì síbẹ̀. Ó ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní ọ̀nà Ìgbógbó báyìí. Mo kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí mo sọ yẹn, lẹ́yìn òde, mo sọ ìbéèrè mẹkáníìkì fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Kí lo dá a lóhùn?" Mo ní mo ní wọ́n pọ̀. Ó dákẹ́, ó ń da oúnjẹ sí ẹja. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ: ọmọ ojú fèrèsé yẹn, ó wà ní ilé-iṣẹ́ oògùn kan ní Ọ̀tà, ọmọbìnrin tó máa ń sùn ní kíláàsì, ó ti di olùkọ́ ní Ìbàdàn... N kò kà wọ́n. Ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó dákẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lábẹ́ mi báyìí, kò tíì pé ọdún méjì tó wọṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé kékeré. Ó jáde, òógùn ti mú ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ń wo ọwọ́ mi.

"Prọ̀f, mélòó ni, sà?"

"Ìbéèrè mẹ́rìnlá. Ìwọ lo dáhùn mẹ́sàn-án."

Ó pòṣé, ó tún bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ tún máa bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, sà."